Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Nígbà Tí Iṣẹ́ Àkọ́kọ́ Bá Sú Ọ̀dọ́ ní Kútọnu

Lọ́jọ́ tí ọmọ bá ríṣẹ́ àkọ́kọ́ ní Kútọnu, gbogbo ilé ló ń bá a yọ̀. Ìyá á tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láago ní Ṣakété, bàbá á ròyìn fún àwọn tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí, àbúrò á sì ti máa ṣírò iye tí yóò máa kan òun lóṣooṣù. Tó bá wá di oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, tí ọmọ yẹn ò rí oorun sùn mọ́, tí àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ń já a láyà, kò sẹ́ni tí yóò bi í léèrè. Òun náà kò ní sọ. Báwo ni yóò ṣe sọ fún ìyá tó ta aṣọ inú àpótí rẹ̀ láti san owó ilé ìwé, pé iṣẹ́ tí gbogbo ilé tìtorí rẹ̀ gbààwẹ̀ ti sú òun?

Irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ìlú yìí, láti Akpakpa títí dé Calavi. Ohun méjì ló pa pọ̀ di ẹrù lé wọn lórí: iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ kò dùn, èyí tí wọn ì bá sì ṣe dípò rẹ̀ kò tíì hàn sí wọn. Ẹni tó kórìíra iṣẹ́ rẹ̀ ṣùgbọ́n tó mọ ibi tó ń lọ, ìyà tirẹ̀ lópin. Ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ dùn síbi tó wà, kò sí ohun tó ń lé e. Ẹni tí méjèèjì bá pàdé lára rẹ̀ ló máa ń rò pé òun nìkan ni ayé ń yí lórí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Àròdùn orí ibùsùn kì í fi ọ̀nà han ọ̀dọ́. Iṣẹ́ ló ń fi iṣẹ́ hàn. Iṣẹ́ tí kò dùn pàápàá lè là wá lójú, bí a bá mọ ohun tí a fẹ́ gbà níbẹ̀, tí a mọ ìgbà tí a máa kúrò, tí a sì mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ tí kò bá wa lára mu àti iṣẹ́ tó ń rẹ́ wa jẹ.

Ìbẹ̀rù àwọn òbí ní ìtàn

Kí a tó bá àwọn òbí wí, ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí ojú wọn ti rí. Láyé ìjọba Faransé, ilẹ̀ àwọn akọ̀wé ni Dahomey, orúkọ tí Benin ń jẹ́ nígbà náà. Emmanuel Mounier, ọ̀mọ̀ràn ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ilẹ̀ yìí wé àdúgbò àwọn ọ̀mọ̀wé ní Paris, oríkì náà sì mọ́ ọn lára. Àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ọmọ Àgbómẹ̀ àti ọmọ Ouidah ló ń ṣe akọ̀wé àti olùkọ́ káàkiri àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, títí wọ́n fi lé wọn kúrò ní Côte d'Ivoire lọ́dún 1958, tí wọ́n tún lé wọn ní Niger lọ́dún 1963. Ìwé di ogún ìdílé. Ẹni tó bá ní dìpúlọ́mà, a gbà pé ìjọba ni yóò gbà á síṣẹ́.

Lásìkò Mathieu Kérékou, tó gba ìjọba ní October 1972, èrò yẹn tún fìdí múlẹ̀ sí i: ẹni tó bá jáde ní yunifásítì, iṣẹ́ ìjọba ń dúró dè é. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1980, àpò ìjọba ti gbẹ. Wọ́n dáwọ́ gbígba òṣìṣẹ́ dúró, àwọn báńkì ìjọba dẹnu kọlẹ̀, owó oṣù kò wọlé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lọ́dún 1989, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n kún ojú títì, títí a fi dé Àpérò Gbogbogbòò tó wáyé ní Kútọnu ní February 1990. Ní January 1994, wọ́n tún gé iye owó CFA sí ìdajì. Lákòókò náà ni àwọn tó ní líísáǹsì, ìyẹn oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n ń fi alùpùpù gbé èrò. Zémidjan, alùpùpù akérò tó kún ìgboro lónìí, àwọn ọ̀mọ̀wé tí kò ríṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá dúró wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ńlá.

Bàbá tó jẹ́ ẹni ọgọ́ta ọdún lónìí, ọ̀dọ́ ni nígbà yẹn. Bó bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Di iṣẹ́ ẹ mú, má fi ṣeré," ọjọ́ tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ òun lójú ló ń rántí. Ọmọ tó bá mọ ìtàn yìí yóò lè dá bàbá rẹ̀ lóhùn láìsí ìjà.

Ọjọ́ iṣẹ́ kan létí èbúté

Ọmọbìnrin kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, ará ilé wa ni. Ó gba líísáǹsì nínú ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti àyíká ní Yunifásítì Abomey-Calavi. Ibi tó ti kọ́kọ́ ríṣẹ́ ni ilé iṣẹ́ kan nítòsí èbúté, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde lọ́wọ́ aṣọ́bodè. Calavi ló ń gbé. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ló ń kúrò nílé, torí bó bá pẹ́ díẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Godomey yóò ká a mọ́.

Bó bá dé ọ́fíìsì, yóò gba ìwé kọ̀ntéénà lọ́wọ́ awakọ̀ tàbí aṣojú oníbàárà. Yóò wo nọ́ńbà rẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, yóò ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, yóò lù ú ní òǹtẹ̀, yóò sì fi í sínú fáìlì: ti Niger lọ́tọ̀, ti ọjà Kútọnu lọ́tọ̀. Bí nọ́ńbà kan bá ṣì, ẹrù lè há fún ọjọ́ mẹ́ta, owó ìdúró á sì máa gun orí ara wọn, ọ̀gá á wá pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo èèyàn. Bó bá di ọ̀sán, òun náà ni wọ́n ń rán lọ ra oúnjẹ. Ó sọ fún mi pé, "Ọdún mẹ́ta ni mo fi kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọ̀gbàrá àti etíkun tí òkun ń jẹ. Òǹtẹ̀ ni wọ́n wá fi mí lù."

Ó gbìyànjú láti sọ fún bàbá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ mi."

"Ṣé wọ́n ti fi owó kún un ni?"

"Rárá o, bàbá. Ó ti sú mi ni."

"Ó sú ọ? Èwo ló wá wù ọ́?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Nígbà tó o bá mọ̀, kó o wá sọ fún mi."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Ìbéèrè bàbá kò burú, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń pa ọ̀dọ́ lẹ́nu mọ́. A ti jẹ́ kí wọ́n gbà pé ẹni ọdún mẹ́tàlélógún gbọ́dọ̀ ti mú ìdáhùn dání kó tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ibi tí òun wà kò dára. Bẹ́ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí bàtà máa há ni lẹ́sẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn ti mọ bàtà tó máa rà.

Ẹ̀bi ọ̀dọ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀

Ní orílẹ̀-èdè Benin, nínú èèyàn mẹ́wàá tó ń ṣiṣẹ́, ó lé ní mẹ́sàn-án tó wà níbi tí kò sí ìwé àdéhùn, tí kò sí owó ìfẹ̀yìntì. Ọ́fíìsì tó ní ìwé àti owó oṣù kò tó nǹkan, èrò tó ń dù ú sì pọ̀ bíi ti ọjà Tokpa lọ́jọ́ ọjà. Bí a kò bá rí àdàn, a máa fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ń dáhùn fóònù fún oníbàárà, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa irúgbìn ń ta káàdì fóònù lábẹ́ agbòòrùn.

Kútọnu tún jẹ́ ìlú tí oúnjẹ rẹ̀ ń gba ẹnu bodè wọlé. Ní August 2019, Nàìjíríà ti bodè orí ilẹ̀, December 2020 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i. Àwọn tó ń kó ọkọ̀ àlòkù àti ìrẹsì lọ sí Nàìjíríà rí ìyà, àwọn akọ̀wé tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ sì jẹ nínú rẹ̀. Ní May 2023, Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo, epo kpayo tó ń ti Nàìjíríà wọlé, tí àìmọye ọ̀dọ́ ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì, gbówó lórí lójijì. Ní July ọdún kan náà, ológun gba ìjọba ní Niger, bodè tì, ẹrù Niamey há sí èbúté wa. Ọ̀dọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ dá dúró lọ́dún yẹn, tàbí tí wọ́n fi iṣẹ́ ẹni mẹ́ta lé lọ́wọ́ láìfi owó kún un, lè rò pé òun ni òun kò mọṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣẹ tí wọ́n pa ní Abuja àti Niamey ló dé orí tábìlì rẹ̀ ní àdúgbò Ganhi ní Kútọnu.

Mo ń sọ èyí torí pé ẹni tó bá di gbogbo ẹ̀bi ru ara rẹ̀ kì í lè ronú tààrà. Ìtìjú ni yóò máa darí rẹ̀.

Ṣé kò dùn ni, àbí wọ́n ń rẹ́ ọ jẹ?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ìbéèrè tó kù. Iṣẹ́ tí kò dùn, a lè fi sùúrù gba nǹkan nínú rẹ̀. Èyí tó ń rẹ́ni jẹ, sùúrù kọ́ loògùn rẹ̀.

Òfin ti là á sílẹ̀. Láti January 2023, 52,000 CFA ni owó oṣù tó kéré jù lọ ní Benin; 40,000 ni láti 2014 títí di ìgbà náà. Wákàtí 40 ni ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ kan. Oṣù kọ̀ọ̀kan tí òṣìṣẹ́ bá fi ṣiṣẹ́ fún un ní ọjọ́ ìsinmi méjì tí wọ́n máa san owó rẹ̀, ìyẹn 24 lọ́dún. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ forúkọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ní CNSS, àjọ tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì. Nínú owó oṣù, wọ́n á yọ ìdá 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀gá á sì fi 6.4 tirẹ̀ kún un. Bí wọ́n bá ń yọ owó yìí lóṣooṣù tí orúkọ yín kò sì sí ní CNSS, owó yín ni wọ́n ń jẹ. Ẹ lọ béèrè ní CNSS fúnra yín.

Apá kan òfin náà kò gbe òṣìṣẹ́. Òfin August 2017 lórí ìgbaniṣíṣẹ́ gba ọ̀gá láyè láti máa tún àdéhùn onígbà díẹ̀ ṣe léraléra, láìsí òpin. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi lè ṣiṣẹ́ síbì kan fún ọdún márùn-ún láìmọ̀ bóyá òun yóò wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó wà nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọkàn sí i bí ilé bàbá rẹ̀; kó máa fi ojú ọ̀nà wò ó.

Ohun tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ sítáàjì, ìkọ́ṣẹ́ inú ọ́fíìsì. Àwa Yorùbá mọ ohun tí ìkọ́ṣẹ́ jẹ́. Bí ọmọ bá fẹ́ kọ́ aṣọ rírán tàbí iṣẹ́ mẹkáníìkì, àwọn òbí rẹ̀ àti ọ̀gá á jókòó, wọ́n á dá iye ọdún, wọ́n á dá owó, ọ̀gá á sì gbà níwájú ẹlẹ́rìí pé òun máa fi iṣẹ́ hàn án. Lọ́jọ́ tó bá gba òmìnira, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé ó ti di ọ̀gá láyè ara rẹ̀. Ìjọba Benin pàápàá ti mú ètò yìí wọ ìwé, wọ́n ń ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọṣẹ́, wọ́n sì ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Ọmọ yunifásítì tó lọ ṣe sítáàjì ní ọ́fíìsì ńlá kì í rí èyí gbà. Kò sẹ́ni tó dá ìgbà fún un, kò sẹ́ni tí wọ́n yàn láti kọ́ ọ, kò sí ọjọ́ òmìnira. Oṣù mẹ́ta á di mẹ́fà, mẹ́fà á di ọdún kan, láìgba kọ́bọ̀. Bí a bá ń fi ohun tó yẹ fún ọmọṣẹ́ télọ̀ du ọmọ yunifásítì, a ti ba ohun tí àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n ṣe jẹ́.

Ohun kan tún wà tí kò gba sùúrù rárá. Bí ọ̀gá bá ń fọwọ́ kan ọmọbìnrin níbi tí kò yẹ, tàbí tó ní kó wá sílé òun kí òun tó buwọ́ lu ìwé rẹ̀, ọ̀daràn ni lójú òfin December 2021 tó dá lórí ìwà ọ̀daràn tí wọ́n bá hù sí èèyàn nítorí pé ó jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin. Institut National de la Femme ń gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti owó àti àdéhùn, ọ̀dọ̀ alábòójútó iṣẹ́ tí ìjọba yàn ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ lọ kó tó dé kóòtù. Ẹ kó ìwé dání: àdéhùn, ìwé owó oṣù, ìfiránṣẹ́ orí fóònù. Ẹni tó bá lọ lọ́wọ́ òfo ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn tó ti inú iṣẹ́ mìíràn jáde

Bí ó bá wá jẹ́ pé iṣẹ́ náà kò rẹ́ni jẹ, tó kàn jẹ́ pé kò bá ni lára mu, ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó ti gba ibẹ̀ kọjá.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Amos Tutùọlá lọ́dún 1920. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ló kọ́, ó sì fi ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ogun parí, iṣẹ́ parí. Ó gbìyànjú láti dá dúró, kò rọ́wọ́ mú. Ó wá di ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Jíjókòó ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà: kí a jókòó títí wọn yóò fi rán wa. Àárín ìjókòó yẹn ló ti ń fi pẹ́ńsù kọ ìtàn sórí bébà. Lọ́dún 1952, ilé ìtẹ̀wé Faber tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde ní London, ayé sì gbọ́ orúkọ rẹ̀. Kò tìtorí rẹ̀ ju iṣẹ́ oṣù nù. Lẹ́yìn náà ó ṣe olùtọ́jú ẹrù ní ilé iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn, ó sì ń kọ̀wé lọ.

Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣóṣà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ti ṣe olùkọ́ kó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Aṣọ ọlọ́pàá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ ní June 1944, nígbà tó gbé eré kan tí ìjọ Aládùúrà ní kó ṣe jáde ní Glover Memorial Hall ní Èkó. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló dá ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 1946 ló tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Ẹ kíyè sí bó ṣe tò ó: ó ṣe é, èèyàn wá wò ó, ó rí i pé ó lè gbé òun, ó wá kúrò.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó jókòó sílé títí ìdáhùn fi já lé e láyà. Ohun kan náà ni John Krumboltz, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford l'Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ. Nígbà tó wà ní akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kó yan ẹ̀kọ́ kan, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kọ́ ọ ní tẹ́níìsì ló sáré lọ. Ọkùnrin náà sì tún jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá, bó ṣe di ẹni tó kọ́ ìmọ̀ náà nìyẹn. Lọ́dún 1999, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé kò sí àbùkù nínú kéèyàn má tíì mọ ohun tó máa ṣe láyé. Ohun tó kù ni kó máa béèrè, kó máa dán nǹkan wò, kó má ṣe jẹ́ kí ìkùnà àkọ́kọ́ lé òun padà, kí oríire lè bá a lọ́nà.

Ẹ ò tilẹ̀ ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí irú rẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, kò jìnnà rárá sí Kútọnu, ni Songhai wà. Godfrey Nzamujo, àlùfáà ọmọ Nàìjíríà tó ti ń kọ́ni ní yunifásítì ní California, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1985 lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan. Lónìí, wọ́n ń sin ẹja àti adìyẹ níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná, ọ̀dọ́ láti ibi púpọ̀ sì ń wá kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹni tó rò pé òun fẹ́ràn iṣẹ́ ilẹ̀ lè lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kó fi imú ara rẹ̀ gbóòórùn rẹ̀, kó tó fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀.

Ohun tí ọwọ́ lè ṣe

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní òpin ọjọ́ iṣẹ́, ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe, apá tí ẹ ò mọ ìgbà tó parí, àti apá tó rẹ̀ yín láti inú wá. Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rí i pé gbogbo ibi tó ń dùn mọ́ òun, àwọn awakọ̀ Niger ló wà níbẹ̀: nígbà tí wọ́n bá ń ṣàlàyé ọ̀nà láti Kútọnu dé Malanville ní bodè Niger, ibi tí omi ń bo títì lásìkò òjò, ibi tí ọkọ̀ ti ń há. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán ọ̀nà náà. Ní alẹ́, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo QGIS, ètò ìyàwòrán ilẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tí kò gba owó. Ó ṣì ń lu òǹtẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun tó ń wá. Nígbà tó tún bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní ohun tó lè tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, bàbá náà sì wo àwòrán yẹn fún ìgbà pípẹ́ kó tó bi í pé, "Ta ló ń rà á?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, òun náà ló sì ń wá ìdáhùn sí báyìí.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tó ń wù yín. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ẹ bá òun jókòó fún ọ̀sán kan. Iṣẹ́ tó dùn lójú láti òkèèrè máa ń ní apá tí kò dùn, ó sì sàn kéèyàn tètè mọ̀ ọ́n. ANPE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìgbaniṣíṣẹ́ láti 2003, ń ran ọ̀dọ́ lọ́wọ́ láti to CV, láti wá iṣẹ́, àti láti wọ àwọn ètò tí ìjọba fi ń gbé ọ̀dọ́ sí ilé iṣẹ́. Ẹ má ṣe rò pé àwọn tí kò ríṣẹ́ nìkan ló wà fún.

Ẹ wọ àjọ. Ẹni méjìlá tó ń dá 10,000 CFA lóṣù, 120,000 ni yóò kan olúkúlùkù. Kì í ṣe owó ńlá, ṣùgbọ́n ó lè san owó ilé àti oúnjẹ fún ẹni tó bá kúrò níbi iṣẹ́, títí yóò fi rí òmíràn. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ nípamọ́, ọ̀gá ló ni ín.

Ẹ dá ìgbà. Ẹ sọ fún ara yín pé ẹ máa wà níbẹ̀ di ìgbà báyìí, kí ẹ lè kọ́ nǹkan báyìí. Bí ìgbà bá pé, ẹ kúrò bó ṣe yẹ. Òfin ní kí òṣìṣẹ́ lásán fi oṣù kan ṣe ìkìlọ̀, kí ẹni tó wà ní ipò gíga fi oṣù mẹ́ta. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí pé ẹ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni, ọ̀gá kò gbọdọ̀ fi dù yín. Kútọnu kì í ṣe ìlú ńlá, ẹni tí ẹ bá bú jáde lónìí lè jẹ́ ẹni tí wọn yóò bi léèrè yín lọ́la.

Bí oorun bá dá pátápátá, bí oúnjẹ kò bá wọlé mọ́, bí èrò pé kéèyàn kúkú kú bá ń wá, ẹ sọ fún ẹni tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ju ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ nígbà náà.

Sí òbí àti sí ọ̀gá

Ẹ̀yin òbí, ẹ má bi ọmọ pé kí ló fẹ́ dà láyé. Ẹ bi í pé kí ló kọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ta ló kọ́ ọ, kí sì ni ó fẹ́ dán wò. Àwọn ìbéèrè yìí, ó ní ìdáhùn wọn. Kí ẹ sì dín iye tí ẹ ń retí lóṣooṣù kù lọ́dún àkọ́kọ́, bí ó bá ṣeé ṣe, torí ọmọ tí gbogbo owó rẹ̀ ń lọ sí owó iná àti oúnjẹ ilé kò lè fi nǹkan kan wá ọ̀nà.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa kọ́ ọmọ tuntun. Ẹ dá ìgbà sítáàjì, ẹ san owó ọkọ̀ ó kéré tán, ẹ sì kọ ohun tó ṣe sínú ìwé fún un. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi ní Akpakpa ń ṣe èyí fún ọmọṣẹ́ wọn, kò yẹ kó sú ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ mi fún yín ni pé kí ẹ má ṣe kúrò nítorí ìbínú, kí ẹ má sì ṣe dúró nítorí ìtìjú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ibo lẹ ń lọ, ẹ lè dá a lóhùn láìbojúwolẹ̀ pé ẹ ṣì ń wá a, kí ẹ sì fi ohun tí ọwọ́ yín ṣe lọ́sẹ̀ náà hàn án.